Kí ló dé tí kọ́mà kan ṣoṣo fi ń da fáìlì CSV rú?

Ẹni tó bá ti gba fáìlì CSV rí, tó ṣí i, tó wá bá ohun tó yẹ kó wà ní òpó kejì ní òpó kẹta, mọ ìdààmú tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọgọ́rùn-ún ìlà lè lọ geere, kí ìlà kan ṣàdédé ní òpó kan lé. Ẹni tó fi fáìlì ránṣẹ́ á ní ó ń ṣí dáadáa lọ́dọ̀ òun. Ẹni tó gbà á á ní ó ti bàjẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó fi ránṣẹ́ ló jàre. Kò sí ohun tó ṣe fáìlì náà. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń kà á lápá kejì ni kò mọ̀ ọ́n kà.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń bá jù, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ń fi tábìlì ránṣẹ́ láti ibì kan sí òmíràn lè bá a pàdé.

Kí ni CSV gan-an?

Ọ̀rọ̀ lásán ni, tí wọ́n kọ lọ́nà tí yóò fi dúró fún tábìlì. Kò ní àwọ̀, kò ní àpótí tí wọ́n fà yí nǹkan ká. Àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábà máa ń gba ìlà kan. Nínú àkọsílẹ̀ kan, ohun kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀: àyè orúkọ, àyè nọ́ńbà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó wà láàárín àyè kan àti èkejì ni mo máa pè ní àmì ìpààlà, kọ́mà ló sì sábà máa ń jẹ́.

Ẹ wo díẹ̀ lára àkójọ orílẹ̀-èdè pẹ̀lú àmì ìdánimọ̀ tí ISO, àjọ tó ń ṣètò ìlànà kárí ayé, fún wọn, ìyẹn lẹ́tà méjì, lẹ́tà mẹ́ta, àti nọ́ńbà:

Kenya,KE,KEN,404
Ghana,GH,GHA,288
Japan,JP,JPN,392

Àyè mẹ́rin ló wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọmọdé pàápàá lè gé e sí mẹ́rin: ibi tí kọ́mà bá wà, gé e níbẹ̀. Ìrọ̀rùn yìí gan-an ló ń tan èèyàn jẹ.

Ibo ni wàhálà ti ń wọlé?

Nígbà tí kọ́mà bá wà nínú orúkọ fúnra rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ àkójọ orílẹ̀-èdè máa ń kọ orúkọ tí wọ́n mọ̀ jù ṣáájú, kí wọ́n tó fi ìyókù tẹ̀ lé e, kó lè rọrùn láti tò ó ní A, B, D. Báyìí ni Tanzania ṣe máa ń rí níbẹ̀:

Tanzania, United Republic of,TZ,TZA,834

Ẹ gé e níbi tí kọ́mà wà. Ó di márùn-ún. "United Republic of" ti bọ́ sí ibi tó yẹ kí TZ wà, TZ ti lọ jókòó sí ipò TZA, 834 sì ti ta dànù sí òpó tí kò lórúkọ. Kọ̀ǹpútà kò ṣàṣìṣe o. Kọ́mà méjì tí iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra ló wà nínú ìlà yẹn, kò sì sí ohunkóhun tó sọ fún un èwo ni ààlà, èwo ni ara orúkọ.

Kí ni àmì àyọlò wá ń ṣe níbẹ̀?

Òun ló ń sọ ìyàtọ̀ yẹn. Fáìlì tí wọ́n kọ dáadáa á kọ ìlà náà báyìí:

"Tanzania, United Republic of",TZ,TZA,834

Ẹ fojú wo àmì àyọlò bí ilẹ̀kùn yàrá. Àkọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn, a wọlé. Ní gbogbo ìgbà tí a bá wà nínú yàrá, kọ́mà kò lágbára kankan. Lẹ́tà bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Àmì kejì pa ilẹ̀kùn dé, a ti jáde, kọ́mà tún padà di ààlà. Ilẹ̀kùn kì í ṣe ara ẹrù inú yàrá: bí a bá ka ìlà yìí tán, orúkọ tó yẹ kó wà lọ́wọ́ wa ni Tanzania, United Republic of, láìsí àmì àyọlò kankan lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí àmì àyọlò tó lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ nínú èsì yín, ẹ mọ̀ pé ètò yín gé fáìlì ni, kò kà á.

Kì í ṣe kọ́mà nìkan ni ìlẹ̀kùn yìí ń dáàbò bò. Ìlà tuntun náà wà níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá kọ àlàyé sínú àyè kan, tó tẹ Enter láàárín rẹ̀, àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo á gba ìlà méjì nínú fáìlì, síbẹ̀ àkọsílẹ̀ kan ni. Ìdí nìyí tí àṣẹ wc -l tí àwọn tó ń lo Linux máa ń fi ka ìlà kò fi lè sọ iye àkọsílẹ̀ tó wà nínú CSV fún yín pẹ̀lú ìdánilójú. Iye ìlà ló ń kà. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹnì kan ti sọ pé iye òun àti ti ẹlẹgbẹ́ òun kò dọ́gba, tó wá jẹ́ pé ẹnì kan ka ìlà, ẹnì kejì ka àkọsílẹ̀.

Bí àmì àyọlò fúnra rẹ̀ bá wà nínú ọ̀rọ̀ ńkọ́?

Ibí yìí ni ojú máa ń pọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ jẹ́ ká ní a fẹ́ kọ nípa dísíkì àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní 3.5", àmì ìwọ̀n íǹṣì sì bá àmì àyọlò dọ́gba délẹ̀. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ náà sáàárín àmì àyọlò bó ṣe wà, àmì íǹṣì á pa ilẹ̀kùn kí àsìkò tó tó. Òfin tí CSV ń lò ni pé kí a kọ ọ́ ní méjì: méjì tó bá tẹ̀ lé ara wọn nínú yàrá dúró fún ẹyọ kan.

"Dísíkì, 3.5""",1.44 MB

Mẹ́ta ló tò léra wọn lẹ́yìn 5 yẹn. Ó rí bí àṣìṣe, àmọ́ kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ẹ kà á láti apá òsì. Àmì àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta: a wà nínú yàrá, ó lè jẹ́ pé ilẹ̀kùn ló fẹ́ tì, a kò tíì mọ̀. A wo èyí tó tẹ̀ lé e: àmì àyọlò ni òun náà. Nítorí náà, àwọn méjèèjì di àmì íǹṣì kan, a ṣì wà nínú. Ẹ̀kẹta: a tún wo ohun tó tẹ̀ lé e. Kọ́mà ni. Ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa ni Dísíkì, 3.5" àti 1.44 MB. Àyè méjì péré.

Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀ẹ̀mejì la ní láti wo iwájú ká tó mọ ohun tí àmì kan jẹ́. Èyí ni kókó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: a kò lè mọ ìtumọ̀ àmì kan nínú CSV nípa wíwo àmì náà nìkan. Ibi tí a wà nígbà tí a bá a ló ń fún un ní ìtumọ̀.

Àwọn ètò kan kì í kọ ọ́ ní méjì. Wọ́n máa ń fi ìlà dídà sẹ́yìn ṣáájú rẹ̀, báyìí: \". MySQL, ètò tí a fi ń tọ́jú dátà, máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá ní kó fi àmì àyọlò yí àyè kọ̀ọ̀kan ká nígbà tó ń kó tábìlì jáde sínú fáìlì, láìsọ nǹkan mìíràn fún un. Ẹni tó ń ka irú fáìlì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún ètò tó ń lò.

Kí ló dé tí split kò fi tó?

Ní Python, ìyẹn èdè kan tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn ni split, àṣẹ tó ń gé ọ̀rọ̀ níbi tí àmì kan bá wà:

ila.split(',')

Bí ẹ bá fún un ní ìlà Tanzania tó ní àmì àyọlò, ohun tí yóò dá padà nìyí:

['"Tanzania', ' United Republic of"', 'TZ', 'TZA', '834']

Márùn-ún ni, ààbọ̀ àmì àyọlò sì wà lára méjì àkọ́kọ́. Ọ̀bẹ ni split. Kò rántí ohunkóhun. Kò mọ̀ bóyá a wà nínú yàrá tàbí a wà lóde. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ní JavaScript, Java àti ọ̀pọ̀ èdè mìíràn. Àwọn kan máa ń sá lọ sọ́dọ̀ regex, ìyẹn àpẹẹrẹ tí a ń kọ láti fi wá ọ̀rọ̀, láti fi tún un ṣe. Ó ṣeé ṣe lóòótọ́, mo sì ti rí àwọn tó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ pàápàá kì í lè kà á mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń kọsẹ̀ bí ìlà tuntun bá wà nínú àyè kan.

Báwo ni a ṣe ń kà á bó ṣe yẹ?

Lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì ni, pẹ̀lú ohun kan ṣoṣo láti máa rántí: ṣé inú la wà àbí ìta? Kò le. Ẹ wo bó ṣe lè rí ní Python:

def ka_akosile(oro):
    awon_aye, aye, ninu = [], '', False
    i = 0
    while i < len(oro):
        leta = oro[i]
        if ninu:
            if leta == '"':
                if oro[i+1:i+2] == '"':
                    aye += '"'
                    i += 1
                else:
                    ninu = False
            else:
                aye += leta
        elif leta == '"':
            ninu = True
        elif leta == ',':
            awon_aye.append(aye)
            aye = ''
        else:
            aye += leta
        i += 1
    awon_aye.append(aye)
    return awon_aye

Èyí tó ń jẹ́ ninu ni ìrántí wa. Bó bá jẹ́ True, ohun gbogbo tó bá kọjá di ara ọ̀rọ̀, àfi àmì àyọlò nìkan. Bí a bá rí i, a yọjú wo lẹ́tà tó kàn: bí òun náà bá jẹ́ àmì àyọlò, a fi ẹyọ kan sínú ọ̀rọ̀, a sì fo ìkejì, bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a ti jáde. Lóde, kọ́mà ń parí àyè kan, àmì àyọlò ń mú wa wọlé. Ìlà tó kẹ́yìn ṣáájú return wà níbẹ̀ nítorí pé kò sí kọ́mà lẹ́yìn àyè ìparí. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ á máa pàdánù òpó tó gbẹ̀yìn ní gbogbo ìgbà.

Àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo ni èyí ń kà. Kó tó lè ka odindi fáìlì, ó ní láti mọ̀ pé ìlà tuntun lóde ń parí àkọsílẹ̀, àti pé ìlà tuntun nínú yàrá kò parí nǹkan kan.

Ṣé kí ẹ wá máa kọ tiyín?

Láti fi kọ́ iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni. Láti fi ṣiṣẹ́, rárá. Python ti ní módù tó ń jẹ́ csv láti ìgbà ẹ̀dà 2.3 tó jáde ní 2003, ìlò rẹ̀ kò sì gba agbára:

import csv
with open('orile.csv', newline='', encoding='utf-8') as f:
    for akosile in csv.reader(f):
        print(akosile)

newline='' yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ohun tó ń sọ fún Python ni pé kó má fọwọ́ kan àmì ìparí ìlà, kó fi í sílẹ̀ fún csv láti pinnu. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ nígbà tó ń kọ fáìlì lórí Windows á ṣí i lọ́jọ́ kejì, á bá ìlà òfìfo láàárín gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀.

PHP ní fgetcsv, Go ní encoding/csv, Ruby náà ní tirẹ̀. Java àti JavaScript kò kó ọ̀kan wá látilé, ẹ ní láti wá èyí tí àwọn mìíràn ti kọ.

Ta ló ṣe òfin tí gbogbo wọn ń tẹ̀ lé?

Kò sí ẹni tó ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi rí wúruwùru. Láti 1972 ni Fortran ti IBM, èdè kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, ti ń gba dátà tí wọ́n fi kọ́mà pín. Oṣù Kẹwàá 2005 ni wọ́n tó kọ àkọsílẹ̀ tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí, RFC 4180 (RFC ni orúkọ àwọn ìwé tí wọ́n fi ń ṣàlàyé ìlànà Íńtánẹ́ẹ̀tì), ìyẹn lẹ́yìn ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Àkọsílẹ̀ náà fúnra rẹ̀ sọ pé ìsọfúnni lásán ni òun, òun kì í ṣe òfin tó de ẹnikẹ́ni. Ó kàn ṣàpèjúwe ohun tí ọ̀pọ̀ ètò ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni: kọ́mà ni ààlà, àmì àyọlò yí ọ̀rọ̀ ká bí ó bá ní kọ́mà, ìlà tuntun tàbí àmì àyọlò nínú, kí a sì kọ àmì àyọlò inú ní méjì.

Ìdí nìyí tí ẹ ó fi gba fáìlì láti Jámánì tàbí Faransé, tí ẹ ó bá kọ́mà tó ní ojúàmì lórí (;) níbi tí ẹ ti ń retí kọ́mà. Níbẹ̀, kọ́mà ni wọ́n fi ń ya odidi nọ́ńbà kúrò lára ìdá rẹ̀: 3,5 ni wọ́n ń kọ fún mẹ́ta àtààbọ̀. Nítorí náà, Excel tí wọ́n tò sí èdè wọn máa ń fi ; pààlà. Ẹ sọ fún csv.reader pé delimiter=';', ọ̀rọ̀ parí.

Kí ló tún lè fa ìjàǹbá?

Àlàfo kan ṣoṣo. Bí ẹnì kan bá fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́yìn kọ́mà, báyìí:

TZ, "Tanzania, United Republic of"

Python á kà á sí àyè mẹ́ta. Lójú tirẹ̀, àlàfo ni lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú àyè kejì, àmì àyọlò tí kò bá sì sí ní ìbẹ̀rẹ̀ àyè kì í ṣe ilẹ̀kùn. RFC náà sọ pé ara ọ̀rọ̀ ni àlàfo. Ẹ fi skipinitialspace=True sí i, yóò fo àlàfo náà.

Àmì àyọlò tí wọ́n ṣí tí wọn kò tì ló burú jù. Ètò tó ń kà á á wọlé, kò ní jáde mọ́. Á máa gbé kọ́mà mì, á máa gbé ìlà mì, títí yóò fi bá àmì àyọlò mìíràn pàdé níwájú tàbí tí fáìlì yóò fi parí. Ẹgbẹ̀rún àkọsílẹ̀ lè di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú àyè kan. Bí Python bá pariwo pé "field larger than field limit (131072)", ọ̀pọ̀ èèyàn á sáré lọ fi kún ìwọ̀n yẹn. Ẹ kọ́kọ́ wá ilẹ̀kùn tí wọn kò tì. Ó ṣọ̀wọ́n kí àyè kan ní ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádóje lẹ́tà lọ lóòótọ́.

Àwọn ètò tí a fi ń kọ lẹ́tà náà máa ń fi àmì àyọlò tó tẹ̀ kọrọdọ, “ àti ”, rọ́pò èyí tó dúró ṣánṣán. Ojú èèyàn lè má rí ìyàtọ̀. Fún kọ̀ǹpútà, àmì ọ̀tọ̀ ni wọ́n, wọn kì í ṣílẹ̀kùn, wọn kì í tì í.

Ṣé àmì àyọlò lè sọ nọ́ńbà di ọ̀rọ̀?

Ọ̀pọ̀ ló gbà bẹ́ẹ̀, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà Bolivia nínú àkójọ ISO ni 068. Ẹ kọ ọ́ sáàárín àmì àyọlò, "068", ẹ fi Excel ṣí i: 68 lẹ ó bá. Odo ti lọ. Iṣẹ́ àmì àyọlò ò ju kó sọ ibi tí àyè bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ó ti kúrò níbẹ̀ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé nọ́ńbà ni àbí ọ̀rọ̀.

Ti Namibia tún pani lẹ́rìn-ín ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí kì í bá ṣe iṣẹ́ yín ló bàjẹ́. Lẹ́tà méjì tirẹ̀ ni NA. Pandas, tí àwọn tó ń fi Python ṣàyẹ̀wò dátà ń lò, gbà pé NA túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó ka àkójọ orílẹ̀-èdè, ó sì pa àmì Namibia rẹ́, yálà àmì àyọlò yí i ká tàbí kò yí i ká. Ẹ sọ fún un báyìí:

pd.read_csv('orile.csv', dtype=str, keep_default_na=False)

dtype=str ló ń dá odo Bolivia sí, keep_default_na=False ló ń dá Namibia sí. Ọ̀kan kò lè ṣe iṣẹ́ èkejì. csv.reader tí Python ní látilé kì í dá irú àṣà yìí. Ọ̀rọ̀ ni gbogbo ohun tó ń dá padà, ẹ̀yin lẹ ó pinnu èyí tí ẹ fẹ́ sọ di nọ́ńbà.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ fáìlì náà

Ẹ má fi ọwọ́ so ọ̀rọ̀ pọ̀ pẹ̀lú kọ́mà. Àṣìṣe split náà ni, tí wọ́n kàn yí padà. Ẹ lo csv.writer, yóò fi àmì àyọlò síbi tó yẹ nìkan, yóò sì kọ ti inú ní méjì láìjẹ́ pé ẹ sọ fún un:

with open('disiki.csv', 'w', newline='', encoding='utf-8') as f:
    csv.writer(f).writerow(['Dísíkì, 3.5"', '1.44 MB'])

Bó bá jẹ́ pé Excel ni ẹni tó fẹ́ gbà á máa fi ṣí i, ẹ kọ encoding='utf-8-sig' dípò utf-8, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àmì ohùn orí "Dísíkì" lè di ìdọ̀tí lójú rẹ̀.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ tún fi csv.reader kà á padà, kí ẹ sì ka iye àyè tó wà nínú àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ mẹ́rin, tí ọ̀kan wá jẹ́ márùn-ún, reader.line_num á sọ ìlà tí ẹ ó wá a sí fún yín.